Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Èsì Họ́mónù Méjì Láti Ara Ẹnìkan

Láti ìgbà tí ìwé ìròyìn yìí ti kọ̀wé lórí nǹkan oṣù tó ń ṣe ségesège, lẹ́tà kò yé wọlé láti Ìlọrin, Ọ̀ffà, Òmù-Àrán àti àwọn ìlú Ìgbómìnà tó yí wọn ká, orí ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì dá lé: àyẹ̀wò họ́mónù inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá àwọn tí wọ́n ń pè ní steroid. Nítorí pé nídìí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń jẹun ní Ìlọrin, olóòtú kó àwọn lẹ́tà náà fún mi. Mo mú mẹ́fà nínú wọn. Mo fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́, mo sì gé èyí tó gùn kúrú.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ọmọ ọdún 34 ni mí, mo sì ti bí ọmọ kan. Irun ń hù ní àgbọ̀n mi, nǹkan oṣù mi sì lè má wá fún oṣù méjì. Dókítà ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò testosterone. Láàbù àkọ́kọ́ kọ 3.9, wọ́n fi àmì sí i pé ó ti ga jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo tún un ṣe ní ibòmíràn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun. 46 ni èyí tó dé, wọn kò sì fi àmì kankan sí i. Ṣé họ́mónù ọkùnrin ti di ìlọ́po méjìlá lára mi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni? Èwo ni kí n gbà gbọ́?
Ìyá ọlọ́mọ kan, Ọ̀ffà

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ fọkàn yín balẹ̀, kò sí ohun tó di ìlọ́po méjìlá. Ẹ mú ìwé èsì méjèèjì, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé nmol/L ni ẹ ó bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ 3.9, tí ng/dL yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 46. Ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹnìkan fi kóńgò wọn ìrẹsì tí ẹlòmíràn sì gbé e lé òṣùwọ̀n oníkílò. Ní ti testosterone, 1 nmol/L jẹ́ nǹkan bí 28.8 ng/dL. Tí ẹ bá fi 28.8 pín 46, ẹ ó rí 1.6. Nítorí náà, 3.9 àti 1.6 ni ẹ ní láti gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èsì kejì ló sì kéré, kò tó ìdajì àkọ́kọ́. Mo ti rí ẹni tí kò rí oorun sùn nítorí ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún un, ó sì máa ń bí mi nínú, nítorí àlàyé náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Síbẹ̀, 3.9 àti 1.6 ṣì jìnnà síra wọn, ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n wọ́n ni mo sì fura sí. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù lọ ní àwọn láàbù wa ni immunoassay. Rosalyn Yalow àti Solomon Berson ní Amẹ́ríkà ló là á sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń wọn insulin. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún Yalow ní 1977, nígbà tí Berson ti di olóògbé. Ohun tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni antibody, purotéènì kan tó mọ ìrísí họ́mónù tí à ń wá, tó sì máa ń dì mọ́ ọn. Ẹ fi í wé ẹni tí wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà níbi wòlímọ̀, tí wọ́n sọ fún pé kí ó máa fún gbogbo ẹni tó bá wọ aṣọ ẹbí ní oúnjẹ. Kò mọ orúkọ, kò mọ ojú. Aṣọ ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ ẹbí kan náà ni gbogbo họ́mónù steroid wọ̀, nítorí láti ara cholesterol ni ara ti ń ṣe gbogbo wọn: testosterone, cortisol, estradiol, progesterone, aldosterone àti àwọn ẹbí wọn yòókù. Ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì nígbà mìíràn kò ju átọ́ọ̀mù oxygen kan tàbí hydrogen méjì lọ.

Lára ọkùnrin, èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó wà láàárín ọdún 19 sí 39 tí kò sanra jù sábà máa ń ní nǹkan bí 9 sí 32 nmol/L. Àlejò tí a pè ti kún inú ilé, ìwọ̀nba mo-gbọ́-mo-yà tó bá wọlé kò lè yí iye oúnjẹ padà. Ṣùgbọ́n lára obìnrin tó ṣì ń rí nǹkan oṣù, testosterone kì í sábà ju nǹkan bíi 2 nmol/L lọ, nígbà tí DHEAS, ìbátan rẹ̀ tó ń ti inú ẹṣẹ́ adrenal orí kíndìnrín wá, fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlọ́po pọ̀ jù ú lọ. Bí ẹyọ kan péré nínú ẹgbẹ̀rún DHEAS bá rí ẹnu ọ̀nà kọjá, iye àlejò ti dàrú pátápátá. Ìdí nìyí tí ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ Clinical Chemistry fi gbé ọ̀rọ̀ kan jáde ní 2003 tó ń béèrè bóyá wíwọn testosterone obìnrin pẹ̀lú immunoassay tiẹ̀ sàn ju kí ènìyàn kàn méfò lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹ kò sọ, tí mo sì ní láti béèrè. Ṣé ẹ lo oògùn tí ń dá nǹkan oṣù dúró tàbí tí ń tò ó ní àkókò àyẹ̀wò àkọ́kọ́? Norethisterone, tí ọ̀pọ̀ obìnrin mọ̀ sí Primolut N, ni àwọn ìyá wa tó ń lọ sí Mẹ́kà máa ń lò kí nǹkan oṣù má bàa dí wọn lọ́wọ́ nídìí Hájì, dókítà sì lè kọ ọ́ fún ẹni tí oṣù rẹ̀ ń fò bíi tiyín. Ó jọ testosterone tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn immunoassay kan fi ń ka òun náà mọ́ ọn. Bí ẹ bá lò ó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún dókítà.

Bí láàbù kejì bá kọ ọ́ sórí ìwé pé LC-MS/MS, ìyẹn ọ̀nà tó ń lo ẹ̀rọ mass spectrometry láti fi ìwúwo mólékù yà wọ́n sọ́tọ̀, ni àwọn lò, 1.6 ni èmi yóò gbà gbọ́. Ìlànà àgbáyé tó jáde ní 2023 lórí PCOS, àìsàn ilé ẹyin tó ń da nǹkan oṣù rú tó sì ń mú kí irun hù níbi tí kò yẹ, náà sọ pé ọ̀nà yìí ni kí àwọn láàbù yàn fún testosterone obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí 1.6 pa dókítà yín tì. Irun àgbọ̀n àti oṣù tí kì í wá déédéé jẹ́ ẹ̀rí fúnra wọn. Dókítà lè pe ohun tó ń ṣe yín ní PCOS láìjẹ́ pé testosterone ga rárá, lẹ́yìn tó bá ti rí i dájú pé kì í ṣe thyroid, ẹṣẹ́ ọrùn, kì í ṣe prolactin, họ́mónù tó ń mú omi ọmú wá, kì í sì í ṣe àìsàn ẹṣẹ́ adrenal ló fà á.

Ìbéèrè: Ẹ̀kọ́ físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ mass spectrometry ń wọn mólékù họ́mónù. Òṣùwọ̀n wo ló lè wọn ohun tí ojú kò rí, tó tún rì sínú ẹ̀jẹ̀ tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan mìíràn?
Olùkọ́ kan, Òmù-Àrán

Ìdáhùn: Olùkọ́, ìbéèrè yín ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù dá a lóhùn.

Omi ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ kò pọ̀, 100 tàbí 200 microlitre, ìyẹn ẹ̀kán mélòó kan péré. Kí a tó fọwọ́ kan án rárá, a ó kán testosterone mìíràn tí a mọ iye rẹ̀ dájú sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ti sàmì sí lára: wọ́n yọ hydrogen mẹ́ta kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì fi deuterium, tí í ṣe hydrogen tó wúwo, dípò wọn. Nínú gbogbo ìwà, testosterone ni. Ìwúwo nìkan ló fi yàtọ̀. Kí ni ìwúlò rẹ̀? Ẹ wo darandaran kan tó fẹ́ da agbo ewúrẹ́ tí kò mọ iye wọn kọjá odò Asa nígbà òjò. Ó mú ogún ewúrẹ́ mìíràn, ó so aṣọ pupa mọ́ wọn lọ́rùn, ó dà wọ́n mọ́ agbo náà. Ní òdìkejì odò, mẹ́wàá péré ló rí nínú àwọn aláṣọ pupa, ó sì ka ọgbọ̀n tí kò ní aṣọ lọ́rùn. Bí omi ti gbé ìdajì aláṣọ pupa lọ, ó ti gbé ìdajì àwọn yòókù lọ pẹ̀lú, nítorí omi kò mọ èyí tó so aṣọ yàtọ̀. Ọgọ́ta ni agbo náà kí wọ́n tó wọ odò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwa. Ohunkóhun tó bá ṣòfò lójú ọ̀nà, méjèèjì ló jọ ṣòfò, ìṣirò wa kò sì ní yẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ètò náà, ju ẹ̀rọ olówó gọbọi náà gan-an lọ.

Lẹ́yìn èyí, purotéènì ní láti kúrò, nítorí testosterone kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló so mọ́ purotéènì kan tàbí òmíràn. A ó da èròjà olómi bíi methanol sí i, purotéènì yóò sì dì, gẹ́gẹ́ bí wàrà ṣe ń dì nígbà tí àwọn obìnrin gáà bá da omi ewé bọmubọmu sí i lórí iná. Họ́mónù yóò kù sínú omi tó ṣẹ́kù.

Omi yìí ni a ó fi agbára tì gba inú ọ̀pá tínínrín kan tí wọ́n ti ki èérún kéékèèké tó fẹ́ràn ọ̀rá sí. Ọ̀pá náà dà bí ọjà Ìpàtà ní ọjọ́ tó kún fọ́fọ́: ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ rà yóò là á kọjá kíá, ẹni tó ń dúró nídìí gbogbo àtẹ yóò pẹ́ kó tó jáde. Cortisol, tó bá omi rẹ́ díẹ̀, máa ń tètè jáde. Testosterone á tẹ̀lé e. Progesterone, tó fẹ́ràn ọ̀rá jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ni yóò kẹ́yìn. Àwọn kan rò pé ìpele yìí kò ṣe pàtàkì níwọ̀n ìgbà tí òṣùwọ̀n wà níwájú. Àṣìṣe ńlá ni. Testosterone àti DHEA, steroid mìíràn tó bá a tan, ní iye carbon, hydrogen àti oxygen kan náà, 288 ni ìwúwo àwọn méjèèjì, kò sì sí òṣùwọ̀n tó lè fi ìwúwo nìkan yà wọ́n. Àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde nínú ọ̀pá ló ń tú wọn fó.

Bí wọ́n ti ń jáde ni a ń fọ́n wọn bí ìrì níwájú iná mànàmáná tó lágbára. Omi ara ìrì náà yóò gbẹ, mólékù yóò sì gbé iná dání: testosterone á gba proton kan, á di 289. John Fenn, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó pín ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì ní 2002 nítorí irú ìfọ́nká yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mólékù ńláńlá ni ó fi í wọ̀n. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó kù, olùkọ́: ohun tó bá gbé iná, iná lè darí rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rọ wa kì í wọn mólékù bí ẹni gbé iṣu lé òṣùwọ̀n. Bí ìwúwo rẹ̀ ṣe tó sí iná tó gbé ló fi ń yà á sọ́tọ̀. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde tán, kí mólékù má bàa máa kọlu afẹ́fẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀pá irin mẹ́rin wà níbẹ̀ tí iná inú wọn ń yí síwá sẹ́yìn, tí a lè tò kí ó jẹ́ pé 289 nìkan ni yóò la àárín wọn já, tí ohun tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ tàbí tó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ yóò yà bàrá lójú ọ̀nà. Àwọn 289 tó yege bọ́ sí yàrá kejì, níbi tí gáàsì bí argon yóò ti máa gbá wọn títí wọn yóò fi fọ́. Testosterone ní bó ṣe máa ń fọ́: èérún 97 àti 109 ló máa ń pọ̀ jù. Ọ̀pá mẹ́rin mìíràn ń dúró dè wọ́n, yóò jẹ́ kí àwọn wọ̀nyí nìkan kọjá, a ó sì kà wọ́n. Testosterone alámì wa, ní tirẹ̀, 292 ló fi wọlé, nítorí náà kò lè dàpọ̀ mọ́ ti aláìsàn.

Bí 97 ṣe pọ̀ tó sí 109 náà gbọ́dọ̀ bá ti testosterone gidi mu. Bí kò bá bá a mu, àjèjì kan ti dara pọ̀ mọ́ ọn, láàbù tó bá sì mọ iṣẹ́ kò ní fi irú èsì bẹ́ẹ̀ síta. Gbogbo rẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan, a sì lè ka họ́mónù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń fún wa ní wàhálà jù ni estradiol, nítorí kì í fẹ́ gba iná, iye rẹ̀ lára ọmọdé, ọkùnrin àti obìnrin tó ti kọjá nǹkan oṣù sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé picomole ni a fi ń kà á.

Ìbéèrè: Asalaamu alaekum. Ọmọ ọdún 61 ni mí. Nítorí ikọ́ fée, mo ti ń lo prednisolone láti bí oṣù márùn-ún. Ó ń rẹ̀ mí ṣáá. Wọ́n wọn cortisol mi ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ó jẹ́ 410 nmol/L, wọ́n sì ní ẹṣẹ́ mi ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ oògùn ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín.
Bàbá kan, Àdèwọlé, Ìlọrin

Ìdáhùn: Wa alaekumu salaam, Bàbá. Ọmọ yín mọ ohun tó ń ṣe. Kí á tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ ara yín dá prednisolone dúró, ẹ má sì dín in kù láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹṣẹ́ adrenal ló ń ṣe cortisol, prednisolone sì ń ṣe iṣẹ́ yẹn dípò rẹ̀; ẹṣẹ́ tó ti fi oṣù márùn-ún sinmi kì í jí lójijì, ẹni tó bá sì já oògùn náà jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè dákú, ó sì lè kú.

Nípa 410 yẹn, ìbéèrè mi ni pé: mélòó nínú rẹ̀ ni cortisol? Prednisolone jẹ́ ọmọ ìyá cortisol tí àwọn olóògùn fi ọwọ́ ṣe. Hydrogen méjì péré ni cortisol fi jù ú lọ. Ọ̀pọ̀ immunoassay ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, wọn a sì ka oògùn tí ẹ gbé mì ní àárọ̀ mọ́ họ́mónù ara yín. Èyí ló lè mú kí ẹṣẹ́ tó ti sùn dà bí èyí tó wà lójúfò. Mass spectrometry ń rí 361 ti prednisolone lọ́tọ̀, 363 ti cortisol lọ́tọ̀.

Síbẹ̀ òun náà lè ṣìnà, mo sì fẹ́ kí ọmọ yín mọ èyí. Díẹ̀ nínú carbon tó wà nínú ayé wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ prednisolone, a ó rí díẹ̀ tó wúwo tó 363, bí ẹni wọ bàtà gíga kí ó lè ga bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí láàbù bá ń kánjú tí ọ̀pá tínínrín yẹn kò sì ya méjèèjì dáadáa, irọ́ kan náà ni yóò pa, ìwé rẹ̀ nìkan ni yóò lẹ́wà jù. Ẹ bi dókítà yín bóyá wọ́n lè tún cortisol yín wọ̀n pẹ̀lú LC-MS/MS, tàbí kí wọ́n yan àkókò tí oògùn ti lọ sílẹ̀ lára láti gba ẹ̀jẹ̀. Òun ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe ṣe é láìséwu.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ Bàbá náà wà. Ìpara tí àwọn kan fi ń bó ara, tó ní clobetasol nínú, máa ń wọ ara débi tí ẹṣẹ́ adrenal yóò fi rọra sùn, ṣùgbọ́n immunoassay kì í sábà ka clobetasol mọ́ cortisol, nítorí náà cortisol yóò lọ sílẹ̀ gan-an lórí ìwé, aláìsàn yóò sì máa búra pé òun kò lo steroid rí. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ti bá prednisolone tàbí dexamethasone nínú àgbo tí wọ́n ń tà fún ìrora oríkèé. Mass spectrometry lè mú àwọn yìí, bí a bá ti tò ó láti wá wọn. Ohun tí a kò bá ní kó wá, kò ní sọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò progesterone àti estradiol. Mo ń lo oògùn irun àti èékánná tó ní biotin, fítámì kan, 10,000 microgram. Ṣé ó kan àyẹ̀wò? Ọjọ́ wo ló yẹ kí n lọ?
Ọ̀dọ́bìnrin kan, Tanke, Ìlọrin

Ìdáhùn: Ó kàn án púpọ̀. Nǹkan bí 30 microgram ni àgbàlagbà nílò lójúmọ́, ẹ wá wo bí ti inú oògùn yín ṣe pọ̀ tó. Àwọn immunoassay kan ń lo biotin gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń so nǹkan pọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti kún fún un, ìwọ̀ náà kò ní rí ibi kọ́. Nínú àyẹ̀wò steroid, ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni èsì tó ga ju bó ṣe yẹ lọ. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017. Kò sí irú ìwọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú mass spectrometry. Ẹ sọ fún láàbù àti dókítà, kí ẹ sì dá oògùn irun náà dúró fún ó kéré tán ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ṣáájú àyẹ̀wò.

Progesterone tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹyin jáde, nǹkan bí ọjọ́ méje kí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ tó dé ni kí ẹ lọ fún un. Ọjọ́ 21 jẹ́ ti ẹni tí oṣù rẹ̀ ń pé ọjọ́ 28 nìkan. Estradiol lè ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ bi dókítà. Ẹ̀rọ tó dára jù lọ kò lè tún ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lọ́jọ́ tí kò yẹ ṣe. Ọkùnrin tó fẹ́ wọn testosterone, òwúrọ̀ ni kí ó lọ kí ó tó jẹun, bí ó bá sì kéré, kí wọ́n tún un wọ̀n ní òwúrọ̀ mìíràn. Cortisol máa ń ga ní àárọ̀, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ jù ní òru, ṣùgbọ́n oorun wa ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ń jí jẹ sàárì nínú Ramadan, tó sì ń fi ọ̀sán sùn, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀.

Ìbéèrè: Agbẹ̀bí ni mí. A gba ẹ̀bí ọmọ kan ní ọ̀sẹ̀ 33. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́fà, wọ́n wọn 17-hydroxyprogesterone rẹ̀, ó ga, wọ́n sì sọ fún ìyá rẹ̀ pé àìsàn ẹṣẹ́ adrenal tí wọ́n ń pè ní CAH ni. Ọmọ náà ń mu ọmú dáadáa. Ṣé kí a dúró de àyẹ̀wò mass spectrometry ni?
Agbẹ̀bí kan, Ìgbàjà

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú. Mo fẹ́ dáhùn apá tó le jù lákọ̀ọ́kọ́: bí ọmọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí bì, tí kò fẹ́ mu ọmú mọ́, tí ara rẹ̀ rọ̀ tàbí tó ń rù, ẹ má dúró de ẹ̀rọ kankan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní wákàtí kan náà, kí wọ́n wọn iyọ̀ sodium àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tó ní CAH tó ń dànù iyọ̀ sábà máa ń dàrú láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, èsì tó sì ti ilẹ̀ òkèèrè bọ̀ lè bá a tó ti kú. Bí ojú ara ọmọ náà kò bá sì fi hàn kedere bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ kà á sí ewu bákan náà.

Bí ara rẹ̀ bá ṣì dá, a jẹ́ pé àyè wà láti ṣe iṣẹ́ tó dájú, ìdí sì wà láti ṣiyèméjì. Ẹṣẹ́ adrenal ọmọ tí kò pé oṣù ṣì ní apá kan tó lò nínú oyún, tó ń tú oríṣiríṣi steroid jáde, immunoassay a sì máa ka àwọn wọ̀nyí mọ́ 17-hydroxyprogesterone. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìpé oṣù àti ìnira ìbí lè gbé e ga fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́. Mass spectrometry yóò yọ àwọn àjèjì kúrò, yóò tún wo 21-deoxycortisol, steroid mìíràn tó ṣe pàtàkì nítorí pé CAH tó wọ́pọ̀ jù lọ ló máa ń mú un pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí àìpé oṣù kì í sì í mú un pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 346 ni ìwúwo rẹ̀, 346 náà sì ni ti 11-deoxycortisol àti corticosterone. Ẹ rí i pé ọ̀pá tínínrín inú ọjà Ìpàtà wa tún ti dé.

Ìbéèrè: Bí ẹ̀rọ yìí bá dára tó báyìí, kí ló dé tí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ wa ló ní in?
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Màlété

Ìdáhùn: Owó ni ohun àkọ́kọ́, nítorí ọ̀kan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá tiẹ̀ gbé e fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, iná ni yóò kọ́kọ́ bi wá léèrè. Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ní láti máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru; bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúnáwá kò sì gbà á lójú ẹsẹ̀, ó lè gba odindi ọjọ́ kí ó tó tún bọ̀ sípò. Gáàsì nitrogen kò gbọdọ̀ tán, àwọn èròjà olómi gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, ẹni tó ń darí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́. Láàbù kọ̀ọ̀kan tún sábà máa ń gbé ìlànà tirẹ̀ kalẹ̀, ìdí nìyẹn tí láàbù méjì tó ń lo mass spectrometry náà fi lè yàtọ̀ síra. CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àìsàn ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2010 láti mú kí testosterone, lẹ́yìn náà estradiol, rí bákan náà láti láàbù dé láàbù.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn ní in. Ọkùnrin tí testosterone rẹ̀ wà láàárín ààlà kò nílò rẹ̀, immunoassay tó wà nítòsí tó fún un, owó tó kù yóò sì ra oògùn. Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ fún obìnrin, ọmọdé, ẹni tó ń lo prednisolone tàbí norethisterone, àti ẹni tí èsì rẹ̀ kò bá ara rẹ̀ mu. Ibì kan tó ń ṣe é dáadáa lè gba ti ọ̀pọ̀ ìlú, nítorí oore kan tí àwọn steroid ṣe wá ni pé wọ́n kì í tètè bàjẹ́: bí a bá ti ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ lásìkò, tí a sì kó o sínú yìnyín, ó lè rin ìrìn àjò jíjìn kí ó sì dé láìyí padà. Ohun tí mo máa ń rán àwọn tó ń gba ẹ̀jẹ̀ létí ni ìgò. Èyí tó ní gẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀ lè tú ohun tí yóò da ìwọ̀n ẹ̀rọ yìí rú sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà, kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi láàbù tí ẹ ń fi í ránṣẹ́ sí bóyá ìgò ọlọ́mọrí pupa tí kò ní gẹ́ẹ̀lì ni àwọn fẹ́.